Téèpù Tí Ẹ̀rọ Mìíràn Kò Lè Kà

Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí àgbàlagbà bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, á ní, "Òyìnbó kì í purọ́." Bàbá mi, tó ṣe tíṣà ní Odògbólú títí tó fi fẹ̀yìn tì, máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Bíbélì. Èmi náà gbé gbólóhùn yẹn lọ sí ìlú òyìnbó. Níbẹ̀ ni ọ̀gá mi ti jókòó síwájú mi, tó purọ́ mọ́ mi lójú ara mi, tó sì mu tíì lé e. Ó ti pẹ́ gan-an. Bàbá mi ti kú, èmi náà ti ń fi awò kàwé. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ náà, inú á tún bí mi bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni mo dé Leeds. Mi ò ní sọ nípa físà àti ọkọ̀ òfúrufú, gbogbo ẹni tó lọ ló ti sọ tiẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú kì í ṣe òtútù. Òtútù, aṣọ ń bẹ fún un. Ohun tó dà mí láàmú ni pé n kò rẹ́ni kí. Mo lè jáde nílé, kí n wọ bọ́ọ̀sì, kí n ra búrẹ́dì, kí n padà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí.

Níbi iṣẹ́, bí mo bá kí ènìyàn láàárọ̀, tí mo tún pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án, mo tún ń kí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, Gerald, máníjà wa, dúró sójú ọ̀nà, ó ní, "Ṣé o ti gbàgbé pé o ti kí mi láàárọ̀ ni?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi ti kóòtù lọ́rùn, mo ń bi ara mi pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, òun náà ni mo sì ń ṣe. Ẹ má ro irú èyí tí àwọn ọmọ yín ń gbé lé itan lónìí. Odindi yàrá ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, yàrá náà tutù ju ìta lọ, ariwo ẹ̀rọ kò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Kò sí àwòrán kankan lójú rẹ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló wà nínú gíláàsì dúdú, ìwọ lo máa tẹ àṣẹ tó o fẹ́ kó tẹ̀ lé. Bó o bá ṣi àmì kan ṣoṣo tẹ̀, ó lè pa ohun tó yẹ kó kọ rẹ́, kò sì ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn ọsibítù agbègbè náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo ń kó orúkọ àwọn aláìsàn tó yẹ kó padà wá fún àyẹ̀wò jọ sójú kan lórí dísíìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí mo sì ń da odindi rẹ̀ kọ sórí téèpù. Téèpù yẹn tóbi tó àwo ìjẹun, a ń gbé e kọ́ sára ẹ̀rọ kan tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Dírẹ́bà á gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀rọ tiwọn á kà á, á sì tẹ ìwé ìpè fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Bí téèpù kò bá ṣeé kà, aláìsàn kò ní gba ìwé. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó nìyẹn, bó ṣe burú tó náà nìyẹn.

Èmi àti Maureen la jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà. Ọmọ Leeds gidi ni, ó sanra, ó sì máa ń pariwo bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú ọjà. Òun nìkan ló bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, tó sì ń pè é lápètúnpè títí tó fi ń jọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Gerald gbé téèpù wọlé, tó jù ú sórí tábìlì mi.

"Ọsibítù dá a padà. Wọn ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Kí lo tẹ̀?"

"Ohun tí mo máa ń tẹ̀ náà ni, sà."

Mo gbé téèpù náà kọ́, mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ wa pé kó kà á. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, sà, gbogbo orúkọ ló pé."

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé àwọn ọsibítù ń purọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ní ó ṣeé kà níbí."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹran tó sọ̀rọ̀. "Tún un ṣe," ó ní, "kó o sì fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Mo tún un ṣe. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ náà, ìyẹn irin kékeré tí téèpù ń gba ojú rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń kọ tàbí tó bá ń kà. Mo mú téèpù tuntun tí wọn ò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Kí n tó dà á kọ, mo da ohun tó wà lórí téèpù àkọ́kọ́ padà sórí dísíìkì, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi méjèèjì wéra, wọ́n dọ́gba. Mo dà á kọ, mo kà á padà, wọ́n tún dọ́gba. Dírẹ́bà gbé e lọ. Ọsibítù ní òfìfo ni.

Mo gé àkọsílẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, bóyá ó ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ wọn láti gbé mì. Òfìfo. Mo dín bó ṣe ń yára kọ kù. Òfìfo. Mo jókòó ti ìwé atọ́nà tó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ, mo ka àlàyé gbogbo àmì tí mo ń tẹ̀, èyí tó ń sọ bí yóò ṣe kọ ọ́, èyí tó ń sọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Kò sí àṣìṣe. Nǹkan tí o kò ṣì ṣe, tó sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kò sí ohun tó ń yani ní wèrè tó o.

Lẹ́yìn náà ni Gerald pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ́fíìsì náà dára, tuntun ni, ó ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí igi. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù pẹ̀lú àwọn ọsibítù, ó fọwọ́ júwe àga fún mi. Mo jókòó. Ó ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀. Òṣìṣẹ́ wa tuntun ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń ṣi nǹkan tẹ̀. A máa bójú tó o." Ó gbé ife rẹ̀, ó mu tíì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, àfi bíi pé oore ló ṣe mí.

Èmi kì í ṣe ẹni tuntun. Mo ti lo ju ọdún kan lọ níbẹ̀, téèpù mi kan kò sì bàjẹ́ rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Gerald mọ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ni ìjọba fi gbà kí n máa gbé ìlú wọn. Bó bá lé mi, ilé ni mo ń lọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ó mọ ìyẹn náà. Mo dìde, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi á gba ilé Alhaji, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Ajé, lọ. Òun ló ní tẹlifóònù ní àdúgbò. Èmi á dúró sínú àpótí tẹlifóònù etí títì, màá máa yí nọ́ńbà títí tí ìlà á fi wọlé. Alhaji ló máa ń kọ́kọ́ gbé e. "Alhamudulilai! Ọmọ wa! Ṣé àlàáfíà ni?" Á kí mi kúnná, kó tó wá kan Màmá.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa níbi iṣẹ́?"

"Wọ́n ń ṣe mí dáadáa, mà."

Irọ́ tèmi nìyẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Sunday yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá Màmá wá. Ó gba tẹlifóònù, ó ní, "Ohùn rẹ ti yí padà o. Ìgbádùn ti mú ọ gbàgbé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú yìnyín, kí lẹ mọ̀ nípa ìyà?"

Mo já tẹlifóònù mọ́ ọn létí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi rí láyé mi. Mo dúró sínú gíláàsì yẹn, òjò ń rọ̀ níta, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Lọ́dọ̀ Gerald, ará Áfíríkà tí kò mọṣẹ́ ni mí. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, òyìnbó aláìmoore ni mí. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí èmi ò mọ̀. Ẹni tí mo mọ̀, tó fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ tó ta lẹ́nu, tó máa ń kí ènìyàn lákìítúnkí, tó mọ àṣẹ kọ̀ǹpútà lórí, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Mo wá rí i pé kéèyàn kúrò nílé kì í ṣe kó fi ibì kan sílẹ̀ lásán. Ó fi àwọn tó lè jẹ́rìí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Maureen wọlé láì pariwo. Mo ti ń bi í pé kí ló dé kó tó sọ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Joan, ti ń retí ìwé ìpè láti ọsibítù. Wọ́n rí kókó kan lọ́mú rẹ̀, wọ́n ní kó máa retí ìwé. Ìwé kò dé. Ó pè wọ́n, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde.

Àwa méjèèjì wo téèpù tó wà lórí tábìlì. Mo tẹ àṣẹ, mo wá Joan nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́.

Maureen ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Àwa nìkan ló ń rí i."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ló sọ sí èmi náà lọ́kàn. Àwa nìkan. Ṣé ẹ̀rọ mìíràn ti ka téèpù wa rí láti ìgbà tí wàhálà yìí ti dé? Maureen ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, irú ẹ̀rọ téèpù tiwa náà ni wọ́n ń lò. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, a fi téèpù sínú àpò ọjà rẹ̀, a lọ. Ẹ̀rọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí nǹkan kan kà lórí téèpù wa. A wá yá téèpù kan lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ti kà lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ, a gbé e padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ tiwa kò lè ka ìyẹn náà.

Maureen lu tábìlì. "Ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn! Kì í ṣe ìwọ!"

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣe ni inú túbọ̀ bí mi. Mo gba ọ́fíìsì Gerald lọ, mo sọ ohun tá a rí fún un. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́ fún mi. Ó ní, "Ó dáa, màá pe ẹnjiníà kó wá tún un ṣe," ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Dennis ni ẹnjiníà náà ń jẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń kùn orin sínú. Ó ṣí ara ẹ̀rọ náà, ó fi iná wò ó, ó gbé téèpù tirẹ̀ tó fi ń dán ẹ̀rọ wò kọ́, ó mi orí. Ó ní orí ẹ̀rọ náà ti dagun, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìgbà tí ènìyàn bá dagun orí kọ ìwé ni, ẹni tó bá dagun orí lọ́nà kan náà ló lè kà á. Ẹ̀rọ wa ń dagun kọ, ó sì ń dagun kà, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ ara rẹ̀ yé. Ẹ̀rọ àwọn yòókù dúró ṣánṣán, wọn ò rí nǹkan kan mú.

Dennis bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbé ẹ̀rọ yìí kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Gbogbo wa la mọ̀. Gerald ló ní kí wọ́n gbé e. Yàrá tó ní fèrèsé ńlá ni ẹ̀rọ náà wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ọ́fíìsì, ó sì ní kí àwọn tó ń kó àga tì í kọjá, láì dúró de ẹnjiníà. Mo wo Gerald. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Kò le," Dennis ní, "màá nà án tọ́." Ó mú irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì jáde.

Ojú mi lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Téèpù ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwọn tí ọsibítù dá padà náà wà níbẹ̀. Dísíìkì wa kò tóbi. Bí a bá ti kọ àkọsílẹ̀ sórí téèpù tán, a máa ń pa á rẹ́ lórí dísíìkì kí àyè lè wà. Gbogbo ohun tá a ti kọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà, orí tó dagun ló kọ ọ́. Bí Dennis bá na orí yẹn tọ́ báyìí, kò ní sí ẹ̀rọ kan tó ṣẹ́ kù láyé tó lè kà á. Joan wà níbẹ̀. Àìmọye ènìyàn wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dúró!"

Gerald ní, "Kí tún ni?"

"Bó bá tún un ṣe báyìí, gbogbo téèpù ìgbà náà ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà wọ́n sórí dísíìkì."

"Àwọn ọsibítù fẹ́ téèpù tó dáa lónìí. Dennis, tún un ṣe."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú ẹ̀rọ náà. Mo fi ẹ̀yìn tì í. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án." Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ ti bọ́ lẹ́nu mi, Yorùbá ló kù, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé sì ni. Mo sọ ọ́ tán, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ ti purọ́ mọ́ mi, mo dákẹ́. Ẹ lè lé mi lọ sílé lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní pa orúkọ àwọn aláìsàn wọ̀nyí rẹ́ kẹ́ ẹ tún sọ pé èmi ni."

Ojú Gerald pọ́n. "Kúrò níbẹ̀."

"Mi ò kúrò."

Maureen wá dúró tì mí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Gbogbo wa wá ń wo Dennis. Ó dá irin ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò. "Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé mo ti nà án, ẹ̀bi mi ni wọ́n máa sọ pé ó jẹ́. Màá yá yín ní dísíìkì ńlá kan. Ẹ pè mí bẹ́ ẹ bá ṣe tán."

Èmi àti Maureen bẹ̀rẹ̀ sí í gbé téèpù kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó dagun yẹn ka ohun tó kọ, a ń kó o sórí dísíìkì Dennis lódindi. Téèpù kan ṣá kọsẹ̀ láàárín. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fo ibi tó bàjẹ́, kó máa bá a lọ, a rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yọ. Díẹ̀ sọnù, a sì ní láti ní kí àwọn ọsibítù wá a fúnra wọn. Nígbà tí Dennis wá na orí ẹ̀rọ náà tọ́, mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Maureen gbé àkọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀. Ó pè mí láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí: "Ó kà á! Ó kà á!"

Joan gba ìwé. Wọ́n gé kókó náà kúrò. Dókítà ní bó bá pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn.

Gerald sọ níbi ìpàdé pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, pé òun tètè fura sí ẹ̀rọ náà. Ó tètè fura! Mo tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ pe àwọn ọsibítù. Ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́."

"Ọ̀rọ̀ ti tán. Gbàgbé ẹ̀."

"Kò tíì tán."

Mo gbé tẹlifóònù rẹ̀, mo yí nọ́ńbà náà, mo nà án sí i. Obìnrin kan ti ń sọ "hẹ́lò, hẹ́lò" nínú rẹ̀. Gerald gbà á. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó kọjú sí fèrèsé: ẹ̀rọ ló bàjẹ́, òṣìṣẹ́ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo ní, "Bóyá wọn ò gbọ́." Ó tún un sọ, sókè. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Títí mo fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn lọ síbòmíràn, kò tọrọ rẹ̀.

Ní Sunday, mo pe ilé. Nígbà tí Màmá bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe mí dáadáa níbi iṣẹ́, mo ní rárá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìkíni títí dé orí tíì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi, tí kì í gbóhùn sókè nílé ẹlòmíràn, bú sí èébú. Ìjẹ̀bú ló fi ń bú u, irú èyí tí mi ò gbọ́ láti kékeré. Ó ní òun bí ọmọ òun re, òun rán an níwèé re, kò sì sí ọmọ ẹnìkan tí yóò fi í ṣe àwáwí. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú. Alhaji já tẹlifóònù gbà.

"Ọmọ wa, kí lòyìnbó yìí ṣe gan-an? Màmá yín ti so gèlè mọ́dìí o! A ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá ti ń bínú níbí, ó ní ta ló pe àbúrò òun bẹ́ẹ̀!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọkùnrin kan tó fẹ́ lo tẹlifóònù lẹ́yìn mi ń kan gíláàsì, mi ò dá a lóhùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, èmi nìkan ló ń ru ìbínú mi kiri.

Màmá gba tẹlifóònù padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ni wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀?"

"Gerald, mà."

"Jẹ́róòdù?"

"Ó sún mọ́ ọn, mà."

"Ó dáa. Má tíì gbé e sílẹ̀ o." Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú orúkọ. Mo fi ẹ̀yìn ti gíláàsì, mo jẹ́ kó bú u tẹ́rùn.